Ẹsẹ̀ Òsì Bahador

"Gbé ẹsẹ̀ yẹn síbí, má ta á nù bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ dú!"

Bíbí Golnar di orúnkún òsì ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú. Ó fi pupa ẹyin tó ti pò mọ́ atalẹ̀ pupa kùn ún, ó fi aṣọ wé e, ó sì fún aṣọ náà le. Bahador di eyín pọ̀, kò pariwo. Orúnkún náà ti wú tó ọsàn ńlá.

Siyamak jókòó sí iwájú wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ ìrẹsì àti ẹja. Òjò ti bo ọ̀nà abúlé rẹ̀ láti ọ̀sán, ọkọ̀ tó máa ń gbé e gun òkè lọ kò sì wá. Bahador ló fà á lápá jáde ní gbọ̀ngàn ìjàkadì ìlú Juybar, níbi tí wọ́n ti jọ ń dánra wò. "Ṣé inú òjò lo fẹ́ sùn ni? Ilé wa ò jìnnà."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọ̀gá Shirzad mọ̀ nípa orúnkún yìí?" ni Siyamak bi í. Ọ̀gá yìí ló ń kọ́ àwọn méjèèjì ní ìjàkadì.

"Kó mọ̀ kẹ̀! Bó bá mọ̀, mi ò ní dé ibi ìdánwò tí wọ́n fi ń yan ikọ̀ ní Tehran rárá. Á ní kí n jókòó ti Bíbí, ká jọ máa ṣa ìrẹsì."

"Ìwọ lo máa ṣa ìrẹsì?" ni Bíbí wí. "Òkúta inú rẹ̀ lo máa sè fún wa jẹ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Bíbí tún bu ìrẹsì sínú àwo àlejò rẹ̀.

"Ó ti tó, Bíbí. Kí kílò mi má baà lé."

"Kílò ta ni? Nínú ilé mi? Jẹun, ọmọ mi. O rù bí igi ọgbà."

Siyamak jẹun. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti jẹ iyọ̀ ilé kan ti bá ilé náà mulẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣe onílé níbi. A kì í búra lé e lórí, nítorí ọmọ tó bá ti lè gbé àwo oúnjẹ fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí Bahador kò fi sọ fún Siyamak pé kó pa ẹnu mọ́.

Ìwọ̀n ara kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà. Bahador ti gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Éṣíà lọ́dún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó mọ ìjàkadì ní Juybar tí kò gbà pé bó bá dé ìdíje àgbáyé lọ́dún yìí, wúrà ni yóò gbé wálé. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ikọ̀ Iran máa ń mú nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá mú, yunifásítì á ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn tó ń kó ọ̀dọ́ lọ sí iṣẹ́ ológun á sì fi í sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá ṣe ipò kejì á wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Siyamak mọ bọ́ọ̀sì náà dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tó bá pàdé Bahador, òun ló ń ṣe ipò kejì. Ramin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tí wọ́n jọ ń kọ́ ìjàkadì, ti sọ ọ́ ní Igbákejì nítorí rẹ̀.

"Igbákejì, ẹ kú iṣẹ́ o! Bí Bahador bá ń gbéyàwó, ìwọ ni wọ́n máa ní kó o gbé bàtà rẹ̀ dání."

"Ramin, fi mí sílẹ̀."

"Kí n fi ẹ́ sílẹ̀ bí? Bahador ni kó fi ẹ́ sílẹ̀!"

Àwọn ọmọ gbọ̀ngàn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Siyamak náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò Tehran pé, Bahador fi ọgbọ́n jà. Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń gbé síwájú tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó fà á sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣaájú níwájú gbogbo ẹni tó bá kò. Kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n rò pé ọ̀nà tuntun ló ń dán wò. Ó ṣẹ́gun wọn, Siyamak náà ṣẹ́gun tirẹ̀, ló bá ku àwọn méjèèjì. Ọ̀gá Shirzad kò jókòó ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó lọ jókòó sáàárín àwọn òǹwòran. "Ọmọ mi méjèèjì ni," ó wí. "Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jà lọ."

Rẹfirí fọn fèrè. Siyamak bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ síwájú, ó sì wo ẹsẹ̀ Bahador.

Ẹsẹ̀ òsì ló wà níwájú.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù ni Bahador fi ẹsẹ̀ yẹn pamọ́ fún, òun nìkan ni kò fi í pamọ́ fún. Ẹni tó jẹun nílé wọn ni.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, Siyamak kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Apá ló ń fà, ọrùn ló ń tì, ó sì ń gbìyànjú àtidi ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, àmọ́ Bahador ń yẹ̀ ẹ́ bí ẹja. Bahador gbé e ṣubú, ó gba àmì, ó sì tún gba òmíràn. Ní ìdajì kejì, Siyamak gbójú sókè wo aago ara ògiri. Àkókò ń tán lọ. Ohùn Ramin dún láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún: "Igbákejì! Ó tún di igbákejì o!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò jìnnà. Ó lè dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì pàdánù bí ọkùnrin. Siyamak mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rì wọlẹ̀, ó gbá ọrùn ẹsẹ̀ òsì mú, ó há a mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára ara rẹ̀ lọ́ orúnkún náà sínú.

Ohun kan dún bí igi tútù tó ya. Bahador kò kígbe. Ó kàn rọ, bí àpò tí a tú ẹnu rẹ̀, Siyamak sì yí i dojú sókè, ó tẹ èjìká rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Rẹfirí fọwọ́ lu ẹní. Ìjà parí.

Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí wí sí i, torí òfin ìjàkadì yìí gbà kí a di ẹsẹ̀ mú. Bahador fi ẹsẹ̀ kan dìde. Ó fọwọ́ kọ́ Siyamak lọ́rùn, ó fẹnu kò ó níwájú orí bí a ṣe máa ń ṣe, ó sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Kú oríire, Siyamak."

 Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn fún Siyamak.

Nígbà tí wọ́n padà dé Juybar, wọ́n pa àgùntàn ní gbọ̀ngàn ìjàkadì. Wọ́n tẹ́ aṣọ tí a ń gbé oúnjẹ lé sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Yadollah, bàbá Siyamak, tí kì í fi oko ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìnáwó ẹnikẹ́ni, sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Gbogbo ènìyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ramin ló ń gbé tíì kiri.

"Ẹ yàgò, ẹ yàgò! Tíì ọ̀gá wa rèé! Ẹni tó bá tún pè é ní Igbákejì, èmi àti ẹ̀ ni."

"Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?" ni ẹnì kan bi í.

"Àná nìyẹn. Àná ti kọjá."

Siyamak jókòó síbi iyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Shirzad. Ó ń gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, kò sì jẹ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, Bahador wọlé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ apá. Bíbí Golnar wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìkòkò ìrẹsì oníwàrà lọ́wọ́. Àwọn dókítà ti sọ pé iṣan inú orúnkún náà ti já, wọ́n á la ibẹ̀, kò sì sí ìjàkadì fún un lọ́dún yìí. Wọn kò sì lè sọ tọ̀dún tó ń bọ̀.

Bíbí gbé ìkòkò náà kalẹ̀ níwájú Siyamak. "Tìrẹ ni, ọmọ mi. Bí wúrà ò bá wọ ilé wa, kó wọ ilé ọ̀rẹ́ wa." Ó jókòó, ó sún mọ́ ọn. "Àmọ́ sọ fún mi. Ìwọ wà níbẹ̀, o sì mọ bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe wà kẹ́ ẹ tó lọ. Kí ló ṣe é gan-an? Bahador ní òun fúnra òun lòun fi tẹ ibi tí kò dáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Siyamak gbójú sókè. Bahador ń wò ó. Bahador rọra mi orí díẹ̀. Má sọ ọ́, ni orí náà ń wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bíbí," ni Siyamak wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ̀."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ tìrẹ fún ọ," ni Bíbí wí. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó sì bu ìrẹsì oníwàrà náà sínú àwo fún un.

Siyamak gbé ṣíbí, kò lè gbé e dé ẹnu. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Àdúrà tí wọ́n ń gbà fún un yìí, ẹni tó ṣe ibi náà ni wọ́n ń gbà á fún, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ní ibi ló sì ti ń wá. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó dìde.

"Irọ́ ni mo pa, Bíbí. Èmi ni. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ń dùn ún, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, torí ilé yín ni mo ti rí i. Ẹ̀gbọ́n fi í síwájú mi nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Mo mọ̀, mo sì lọ́ ọ."

 Ramin dúró gbagidi pẹ̀lú àwo tíì lọ́wọ́.

 Bíbí fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó bá ara rẹ̀ níwájú àjèjì. Yadollah dìde. Ó ṣí fìlà tuntun náà kúrò lórí, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bíbí, irungbọ̀n rẹ̀ funfun ju irun orí ìyá náà lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ má fi bú ilé mi."

"Mi ò ní fi bú ọ," ni Bíbí wí. "Dìde. Ìwọ kọ́."

Siyamak rí bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ni àwọn àgbà wí. Ọjọ́ náà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

"Ọ̀gá," ó wí fún Shirzad, "mo máa kọ̀wé sí Tehran. Mo máa dá àyè náà padà."

"Fún ta ni?" Ọ̀gá Shirzad kò gbé ohùn sókè. "Fún ẹsẹ̀ tó ti já? Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ yìí kó o tó mọ bí a ṣe ń de okùn bàtà. O ti fi ọmọ tó dára jù tí mo ní ṣòfò. O tún fẹ́ fi àyè orílẹ̀-èdè ṣòfò lé e lórí, kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́? Rárá. Ẹrù tó o jí, wàá rù ú dé ibi tó ń lọ."

Ló bá rù ú. Ní ìdíje àgbáyé, ọmọ Japan kan tí Bahador ti nà lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi kò ó. Kí wọ́n tó gorí ẹní, ọmọ náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹnì kan. "Bahador?" ó bi í. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè yé àwọn méjèèjì nìyẹn.  Ọmọ náà nà án, ó sì gba wúrà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ikọ̀ Iran kò rí nǹkan kan gbé wálé nínú ìwọ̀n yẹn.

Kò sẹ́ni tó bá a wí nígbà tó padà dé. Ó padà sí gbọ̀ngàn, Ọ̀gá Shirzad sì ní kí wọ́n pín ara wọn ní méjì-méjì.

Àṣà kan wà ní gbọ̀ngàn wa. Kí ẹni méjì tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kálukú á sọ ibi tó ń dùn ún fún ẹnì kejì, kó lè yẹra fún un. Ẹni tó kọ́kọ́ bá Siyamak jà ní, "Kò síbi tó ń dùn mí." Ẹnì kejì sọ bákan náà. Nígbà tó kan Ramin, Siyamak rí i tó tú aṣọ tó fi di ìka rẹ̀, tó sì fi aṣọ náà sápò kó tó bọ́ sórí ẹní. Ìka náà wú.

"Ibo ló ń dùn ẹ́, Ramin?"

"Kò síbì kankan," ni Ramin wí. Kò ṣẹ̀fẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

Òfin ìjàkadì gbà kí Siyamak di ẹsẹ̀ yẹn mú, ìwà ọmọlúàbí ni kò gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹni tó bá fi àṣírí ẹni tó gbà á lálejò jà lè borí lọ́jọ́ kan, àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa fi ibi tó ń dùn ún hàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnì kan kì í dá ìjàkadì kọ́.

Siyamak dúró níwájú Ramin. Ó dorí kodò.

"Èjìká ọ̀tún ló ń dùn èmi," ó wí, ó sì nawọ́ síwájú.