Ojú Egbò Tó Tètè Jiná

Fatihah gbé ìgò kékeré náà sókè sí ojú fèrèsé ọsibítù, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run. Àwọn òkúta róbótó-róbótó ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń dán, àwọ̀ wọn dà bí ewé tó ti ń gbẹ. Inú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n.

"Dókítà, àpò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"A yọ òun náà," ni Dókítà Bọ̀wálé dá a lóhùn. "Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òrónro. Àpò òrónro kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Láti ìsinsìnyí lọ, òrónro á máa ti inú ẹ̀dọ̀ ṣàn lọ sínú ìfun tààrà."

Fatihah yíjú sí ìyá rẹ̀, Wòsílátù, tó jókòó sí etí ibùsùn, tó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ti fẹnu kan ọbẹ̀ elépo, ńṣe ló máa ń di ẹ̀gbẹ́ mú, tí á máa sunkún. Wọ́n sì gba ojú ihò ní ìdodo tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kan kúrò, ó tún ń mu ẹ̀kọ. Ẹnu Fatihah kò padé.

Dókítà wá yí ohùn padà. "Ìyá Fatihah, ká ní ọ́fíìsì lẹ ti ń jókòó ṣiṣẹ́ ni, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lè padà. Ṣùgbọ́n gàrí lẹ ń ṣe. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Ẹ má gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tù omi lọ, ẹ má sì fọwọ́ kan jáàkì, títí n ó fi yẹ̀ yín wò lóṣù tó ń bọ̀." Ó wo Fatihah. "Ìwọ ni mo fi ṣọ́ wọn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Ní Ìbẹ̀fun tí wọ́n ń gbé, kò sí ẹni tí kò mọ gàrí Wòsílátù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá lọ̀, á wà nínú àpò títí á fi kan dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó àwọn àpò náà sábẹ́ irin, wọ́n á fi jáàkì fún omi ara wọn. Títẹ jáàkì yìí, agbára ikùn lèèyàn fi ń ṣe é ju ti ọwọ́ lọ.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i kú ewu. Wòsílátù á gbé etí bùbá sókè, á fi ojú egbò hàn wọ́n, gbogbo wọn á sì máa yin Ọlọ́run. Kò pẹ́ tí ojú egbò náà fi jiná, àwọn kan ní àfi bíi pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Fatihah gan-an ló ń ròyìn jù. Ó sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé ìyá òun ti yá pátápátá. Ó sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́.

Àárọ̀ Sátidé kan, kí oṣù tí dókítà dá tó pé, ẹ̀gẹ́ ti kan, ó sì ti tó àkókò láti fún omi ara rẹ̀. Fatihah ló yẹ kó tẹ jáàkì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ mú àwọn tó máa dúró fún ilé ìwé wọn nínú ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ní Ìjagun. Ayọ̀fẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti wà lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà.

"Fatihah, bí o ò bá wá, ẹlòmíì ni wọ́n máa mú o."

"Máa lọ, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé jáàkì yìí náà ni? Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ kí n tó bí ẹ."

Fatihah mọ ohun tí dókítà sọ, kò gbàgbé rárá. Ó kàn fẹ́ lọ ni. Ó wo ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé egbò kúkú ti jiná, ó sì gun ọ̀kadà.

Kò tíì dáhùn ìbéèrè kan ní Ìjagun tí fóònù Ayọ̀fẹ́ fi dún. Ràsákì oníkẹ̀kẹ́ márúwá, aládùúgbò wọn, ló ń pè. Ìyá Fatihah ti ṣubú nídìí jáàkì, òun ló ń gbé e lọ sí ọsibítù. Fatihah sáré jáde láìmú báàgì.

Nígbà tó débẹ̀, ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awọ ìdodo rẹ̀ ṣì pa dé, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yọ gọngọ lábẹ́ rẹ̀, ó tó ẹyin adìyẹ. Wọ́n ní àfi kí wọ́n tún gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Èmi ni mo lọ, Dókítà," ni Fatihah wí, omijé ń bọ́. "Mo rò pé ó ti jiná."

Dókítà Bọ̀wálé kò jágbe mọ́ ọn. "Awọ ló ti jiná. Awọ ló máa ń kọ́kọ́ pa dé. Ẹran wà lábẹ́ rẹ̀, iṣan líle tó di ìfun mú sì wà níbẹ̀, a rán an. Ara á máa so ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa jẹ òwú tí a fi rán an títí òwú náà ò fi ní sí mọ́. Òwú yẹn ló já."

"Ara á jẹ òwú?"

"Á jẹ ẹ́. A ò ní padà lọ yọ ọ́."

Fatihah jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó rántí ẹ̀gẹ́ inú àpò. Èèyàn ò lè dúró níta kó wò ó mọ̀ pé ó ti kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá fi ìkánjú yan án, kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú ló yan. Ó mọ èyí láti kékeré, kò kàn rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ìyá òun ni. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á gan-an.

Wọ́n tún un ṣe, ó sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn oníbàárà kan ti lọ ra gàrí níbòmíràn. Ẹlòmíràn ló dúró fún ilé ìwé wọn ní ìdíje náà.

Fatihah ló wá ń tẹ jáàkì. Gàrí tó kọ́kọ́ yan jóná, Wòsílátù rẹ́rìn-ín títí tó fi di inú mú. Nígbà tí àwọn èèyàn bá sì wá kí i, tí wọ́n ní ara rẹ̀ mà ti yá, Fatihah ló ń dá wọn lóhùn. "Ẹ ṣé, mà. Ìta ló ti jiná, inú ṣì ń ṣiṣẹ́." Ó ti kọ́gbọ́n pé ìdùnnú pé aláìsàn ń yá kò tó láti fi tọ́jú aláìsàn, àti pé ẹni tó bá ṣèlérí láti ṣọ́ ènìyàn, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tó wu òun pàṣẹ fún ojú òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi etí lé ikùn ìyá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dá èémí dúró kó lè gbọ́ dáadáa.

"Kí lò ń gbọ́?" ni Wòsílátù bi í. Ó ti ń na ọwọ́ sí àga, ó fẹ́ dìde.

"N ò gbọ́ nǹkan kan, Màámi. Ẹ jókòó."