Ìka Kẹfà

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ọkùnrin télọ̀ kan fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí, tó wọlé pẹ̀lú òkìtì aṣọ funfun tó gbé máyà bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tó ti sùn. Aṣọ iṣẹ́ tuntun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kó rán ni. Òjò ti wẹ̀ ẹ́ láti orí dé bàtà, àmọ́ ẹ̀kán omi kan ò kan aṣọ náà.

Ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọmọwé, gbójú sókè. Kò rí òjò, kò rí ojú tó rẹwà. Ọwọ́ òsì tó na aṣọ sí i ló rí: àtàǹpàkò kan, ìka tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti mẹ́rin yòókù.

"Ṣé bàbá yín náà ní i?" ló bèèrè.

Télọ̀ náà gbé aṣọ kalẹ̀. "Ẹ káàsán, Ọmọwé," ló fèsì. "Ara mi le, a dúpẹ́. Àwọn ará ilé náà wà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọmọwé gan-an. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìkíni kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ìka ló kí, kò kí ènìyàn.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù, iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Nínú ara wa, àwọn àbùdá tá a jogún, tó ń mọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìnàkí. Ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ wà ní àwọn ibi kéékèèké tó ń pàṣẹ fún wọn: jí níbí, sùn lọ́hùn-ún, ó tó. Ọmọwé ń wádìí irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà lára ẹranko láìyí padà fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, tí wọ́n wá yára yí padà lára ènìyàn. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àṣẹ tí a kọ sínú ara bá sì yí padà níbi tó ń pàṣẹ fún ọwọ́, ọmọ lè bá ìka mẹ́fà wáyé.

Lọ́jọ́ kejì, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láti tọrọ àforíjì. Ó mú bọ́tìnnì kan dání tó ní ó já. Télọ̀ wò ó, ó rí i pé sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e, àmọ́ kò sọ nǹkan kan, ó rán an padà. Láti ìgbà náà ni bọ́tìnnì aṣọ Ọmọwé ti ń já lemọ́lemọ́.

"Wọ́n máa ń ní ìka ò dọ́gba," ni télọ̀ sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Tèmi ò dọ́gba, ó tún lé."

"Èwo ló mọ iṣẹ́ jù nínú wọn?"

"Èyí tó lé náà. Òun ló ń di aṣọ mú kó má yọ̀. Àmọ́ ọ̀lẹ ni tó bá di ká fọ abọ́."

"Jẹ́ kí n mú itọ́ rẹ lọ síbi iṣẹ́, kí n fi wá àṣẹ tó pe ìka yìí."

"Àwọn obìnrin mìíràn ń tọrọ òrùka, olólùfẹ́ mi ń tọrọ itọ́." Ó tutọ́ sínú ìgò kékeré tí Ọmọwé mú wá fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní olólùfẹ́ nìyẹn, àwọn méjèèjì sì ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́.

Ìyá Ọmọwé, opó tó ń hun aṣọ òtútù tà, fẹ́ràn télọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọkùnrin dáadáa ni ọ́. Ṣé wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé?"

"Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Mà. Ọwọ́ mi kì í kúrò lápò."

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi máa ki ọwọ́ bọ àpò. Lọ gé e, kó parí sára rẹ. Bí o bá gé e, mo fọwọ́ sí i."

Télọ̀ lọ bá dókítà oníṣẹ́ abẹ, wọ́n dá ọjọ́, ó sì fi ìdùnnú sọ fún Ọmọwé. Ọmọwé mọ ohun tí ìyá rẹ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀ ò mọ̀. Tó bá dákẹ́, ó di ìyàwó. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ kọ̀ pátápátá. Ó fẹ́ dákẹ́, kò lè dákẹ́.

"Má gé e," ló sọ. "Kò ní ṣe àwọn ọmọ wa láǹfààní. Ìka lo máa gé, àṣẹ tó pe ìka náà wà nínú gbogbo ara rẹ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tá a bá bí, ó lè ní i, ó lè má ní i."

Télọ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ṣé tèmi lo rò tó o fi ní kí n má gé e, àbí ti iṣẹ́ rẹ?"

Ká ní Ọmọwé dáhùn kíákíá ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ ni. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni télọ̀ ti yí padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọmọwé sunkún délé.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó yọ ìgò kékeré náà nínú fírísà ibi iṣẹ́, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò lò ó mọ́. Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀, nítorí wọn ò ní irú rẹ̀ mìíràn. Ọmọwé wá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

Télọ̀ gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn wà."

Ó gbé ìgò náà síwájú rẹ̀. "Itọ́ rẹ rèé. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ mi. Gé e o, má gé e o, ìwọ ni mo wá bá. Mo pẹ́ kí n tó dáhùn torí mo fẹ́ mọ̀ dájú pé tìrẹ ni mo rò. Òótọ́ ni."

Télọ̀ dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ojú rẹ̀ mú. "Ìdáhùn rẹ pẹ́ o, àyànfẹ́ mi."

"Ó pẹ́, àmọ́ ó dé."

Wọ́n jọ lọ sọ òótọ́ fún ìyá.

"Tó bá gé e, ẹ ṣì lè bí ọmọ tó ní i?" ni ìyá bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ìyá yíjú sí télọ̀. "Mú ọwọ́ yẹn wá." Ó na òwú lé ìka kẹfà, ó wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orí, ó já òwú náà, ó fi sápò. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn méjèèjì kí i, wọ́n jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, Ọmọwé sì wà níbẹ̀ tó ń kó òwú jọ. Ìyá tú ìdì kan sórí tábìlì. Ìbọ̀wọ́ ọmọ ìkókó ló wà níbẹ̀, oríṣi méjì. Ìkan ní ìka márùn-ún. Ìkejì ní mẹ́fà.

"Èyí tó bá wá nínú wọn," ni ìyá sọ, "òtútù ò gbọdọ̀ mú un lọ́wọ́. Kò sì gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò." Ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Ó yá, wọ̀n mí. Aṣọ tí màá wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ mi ni mo wá rán."

Télọ̀ mú téèpù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, kò sì fi í pamọ́.