Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Bíréèkì

"Felicia, wò ó! Ó ń tàn!"

Mojíbọ́lá ló pariwo bẹ́ẹ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Inísà, láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan lọ́dún 1994. Kùrukùru bo gbogbo igi mọ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Ògúnjọbí, bàbá rẹ̀, ló gùn, ó sì ti so dáínámò méjì, ẹ̀rọ kékeré tí táyà ń yí kí iná lè tàn, mọ́ táyà rẹ̀. Bó ṣe dẹ́kun títẹ pẹ́dàlì, iná ṣì ń tàn yòò, kẹ̀kẹ́ sì rọra dúró láìtẹ bíréèkì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ebi.

Tíṣà Akínyẹlé, olùkọ́ Físíìsì, ló gbin ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́kàn. Wọ́n ní bí mọ́tò bá tẹ bíréèkì, agbára eré tó ń sá á kàn di ooru lásán. Àwọn òyìnbó kan wá ń ṣe mọ́tò tó ń fi bátìrì rìn: bí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, ẹ̀rọ tó ń yí táyà á di dáínámò, á sì dá iná padà sínú bátìrì. Láti ọjọ́ náà ni Mojíbọ́lá ti ń lálàá lójú ṣíṣí. Á wà nídìí ọbẹ̀, á máa rí mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ìkìrun wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ariwo, láìsí èéfín. Ọbẹ̀ á sì jóná.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo, òun ni wọ́n sì yàn láti ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wọn. Tíṣà kìlọ̀ fún un pé kó má yọ nǹkan kan kúrò lára bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà.

Felicia, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi í rẹ́rìn-ín. "Tí bíréèkì bá wà níbẹ̀, ta ló máa gbà pé dáínámò ló dá a dúró? Yọ rọ́bà ẹ̀ jàre! Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ẹ̀rù kò bà á. Kí wọ́n máa pè é ní ojo ni kò fẹ́. Ó yọ gbogbo rọ́bà bíréèkì, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Òkúkù láti dán an wò.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn bí àlá. Iná ń tàn nínú kùrukùru, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i létí, kẹ̀kẹ́ sì ń dín eré kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni iná ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ dáínámò ń dẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò dúró. Nísàlẹ̀, ìyá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá títì, wọ́n ń sá èlùbọ́.

"Ìyá, ẹ kúrò lọ́nà! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ìyá kò gbọ́. Mojíbọ́lá fún bíréèkì mọ́ra, òfo ló bá. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bìrí, ó já sí gọ́tà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá, táyà iwájú sì wọ́. Ẹlòmíì ló lọ sí Òṣogbo.

Tíṣà wá kí i nílé. "Bí táyà ò bá yí dáadáa, dáínámò ò lágbára. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi yọ bíréèkì àtijọ́ kúrò lára mọ́tò oníbátìrì yẹn. Dáínámò á dín eré kù, bíréèkì á wá dá a dúró."

"Ṣé àlá mi burú ni, sà?"

"Rárá o. Yíyọ tó o yọ bíréèkì nítorí ọ̀rẹ́ ló burú."

Nírọ̀lẹ́, Ògúnjọbí fẹsẹ̀ rìn wọlé láti oko Ìgbàyè, ẹrù iṣu lórí. Omijé bọ́ lójú Mojíbọ́lá.

"Ẹ má bínú, Bàámi. Mo ti ba kẹ̀kẹ́ yín jẹ́."

Bàbá sọ ẹrù. "Kẹ̀kẹ́ á ṣe é tún ṣe. Ìyá arúgbó yẹn ńkọ́, tó o bá kọ lù wọ́n, ta ló máa tún wọn ṣe?"

Mojíbọ́lá fi ọwọ́ òsì kó àwọn rọ́bà bíréèkì jáde, ó sì kó wọn lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa lálàá ohun ńlá, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹnu ọ̀rẹ́ ju ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀mí nù.