Orí Tó Kù ní Ṣọ́ọ̀bù Arákàlẹ̀

Ìyá Táíyé ti dijú lórí àga, oorun sì ti fẹ́ẹ́ gbé e lọ, ló bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́.

"Fọláṣadé, ọmọ wo lẹ tún gbà síṣẹ́ yìí? Ọwọ́ ẹ̀ dùn lórí èèyàn. Àmọ́ ó tutù jù. Ṣé inú fìríìjì ló ń kó ọwọ́ sí ni?"

Apá ọ̀tún orí obìnrin náà ni Fọláṣadé ti ń dì láti àárọ̀, òun nìkan ló sì wà nídìí orí náà. Precious tí wọ́n jọ máa ń ṣe é, tí òun á mú ọ̀tún, tí ìyẹn á mú òsì, wọ́n ti sin ín sí Oǹdó. Ó rọra na ọrùn wo apá òsì.

Irun ti wà níbẹ̀. Ó wẹ́, ó gún régé, ó ti ẹ̀bá etí lọ dé ìpàkọ́. Ìdí irun kọ̀ọ̀kan ní kókó kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò ta bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́, àfi ọmọ kan ṣoṣo.

"Ẹ sinmi, Ìyá Táíyé," ni Fọláṣadé sọ. Ohùn ara ẹ̀ ṣàjèjì sí i létí. "A ti fẹ́ẹ́ parí."

"Ẹ ṣe é kíá, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ tètè lọ ulé."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ọ̀gá Oyèbọ́lá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́, kí ẹ má baà máa káàánú ẹ̀ tó bá yá. Àwọn onídìrí yòókù, tí ọmọ bá ti kọ́ṣẹ́ pé, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù fún un. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á fún un ní òòyà tuntun, ọmọ á lọ dá dúró. Ọ̀gá Oyèbọ́lá á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Tí ọdún tó ń bọ̀ bá dé, á ní, "Ta ló ń lé ẹ?" Tó o bá wá ní o fẹ́ lọ láì gbàṣẹ, á na ìka sí ọwọ́ rẹ, á ní, "Ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ mi láì jẹ́ pé mo tú u sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò ní mú òòyà mọ́ láyé."

Ọ̀rọ̀ yìí ló so Fọláṣadé mọ́lẹ̀ títí ewú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lórí. Ó ti di àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́. Òun ló ń pín orí. Á la irun, á wá sọ fún àwọn àbúrò pé, "Ìwọ mú ẹ̀yìn, ìwọ mú òsì," wọ́n á sì mú un, kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn. Kò lọ́kọ mọ́, kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ méjì yẹn ló ní, ẹ̀rù sì ń bà á kó má pàdánù wọn. Ìdí tó fi dúró nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi àwọn èèyàn pé kí ló dé tí wọn ò lọ.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Precious. Kì í ṣe inú rírun eré. Ọmọ náà di ẹ̀yìn àga mú, òógùn bò ó, ètè ẹ̀ funfun.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ ọsibítù."

Ọ̀gá ò gbójú kúrò lára fóònù. "Parí orí yẹn kó o tó lọ."

Ọmọ náà padà sídìí orí. Ó ń dì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, títí ó fi ṣubú. Fọláṣadé ló gbé e wọ kẹ̀kẹ́. Bó ṣe bojú wẹ̀yìn, Ọ̀gá ti jókòó sórí àpótí Precious, ó ń bá a di ìyókù orí náà, ó ń bẹ oníbàárà pé kó má bínú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ náà ti kú. Ọ̀gá ò débi ìsìnkú. Ó ní ọmọ náà ò gbàṣẹ kó tó lọ.

Láti ọjọ́ Ìyá Táíyé yẹn, Precious ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró mọ́. Tí Fọláṣadé bá parí ìlà kan lọ́tùn-ún, ìlà kan á ti wà lósì. Kò rí ọwọ́ kankan. Ohun tó ń rí ni àtáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, tó ń mì, tó ń dín kù ní fọ́nrán fọ́nrán. Ohun tó sì ń gbọ́ ni mímí, mímí kúkúrú, bíi ti ẹni tí inú ń run tó ń fara dà á.

Èyí ló dùn ún jù. Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà á, ọkàn ẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n ti sin ọmọ náà, inú sì ń run ún síbẹ̀.

Ó gba ọ̀nà Oǹdó lọ. Ìyá Precious, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó nínú pálọ̀ tó mọ́ tónítóní, Bíbélì àti ìwé orin wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó gbé omi fún àlejò ẹ̀, ó dúró kó mu tán, lẹ́yìn náà ló wá bi í pé kí ló gbé e wá.

"Màmá," ni Fọláṣadé sọ, kò mọ ibi tí yóò ti mú un. "Ọjọ́ tí ẹ múra fún Precious kí ẹ tó sin ín, ṣé ẹ rí nǹkan kan?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Ìka ẹ̀," ló sọ. "Ó ká. Mo nà án, ó tún ká. Mo ń sọ fún un pé sinmi, ọmọ mi, sinmi. Ó tún ká, bí ẹni tó di irun mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín. Bàbá ẹ̀ tó ti lọ tipẹ́, mo máa ń lá a. Ìyá tó bí mi, mo máa ń lá a. Ọmọ tèmi, n ò tíì lá a rí. Kò wálé. Kí ni obìnrin yẹn, ọ̀gá yín, sọ fún un gbẹ̀yìn?"

Fọláṣadé sọ ọ́ fún un. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Ìyá Precious pa ojú dé. "Ọmọ mi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì parí. Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ bá ọ̀gá yín. Kó kàn sọ pé ó ti parí, kó máa bọ̀ nílé. N ò bèèrè nǹkan míì lọ́wọ́ ẹ̀."

Fọláṣadé padà sí Àkúrẹ́. Ó dúró títí oníbàárà ìkẹyìn fi jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Oyèbọ́lá, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Fọláṣadé rò pé ẹ̀rù ló bà á.

Ẹ̀rù kọ́.

"Dìde," ni Ọ̀gá sọ, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ta ló gbé àpótí yẹn síbẹ̀?"

Fọláṣadé wò ó. Lóòótọ́, àpótí Precious tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn ilé ti wà lápá òsì àga. Ẹnì kan ti fi aṣọ nù ún.

"Kì í jẹun," ni Ọ̀gá sọ. "Kì í gbowó oṣù. Kò ní sọ fún mi pé òun ń lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́. Àwọn olówó ń ti Alágbàká wá torí ọwọ́ ẹ̀. Ìwọ wá ní kí n lé irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó yí ọrùn sí àpótí tó ṣófo náà, bí ẹni tó fẹ́ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. "Precious, tètè dé lọ́la o. Orí pọ̀."

Mímí kúkúrú náà yára sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹgbẹ́ onídìrí fi fẹ́ fi Ọ̀gá joyè alága. Ọ̀sán gangan, oòrùn mú, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ àwọn oníbàárà àti àwọn ọmọṣẹ́ yòókù síta, ó jókòó sórí àga, ó tú gèlè.

"Irun wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́," ló sọ. "Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ dì í, kó yá." Ó rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú Fọláṣadé nínú dígí, ẹ̀rín náà ò kúrò. "Kí ló dé tó o fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀? Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú láti lọ síbì kankan. Tí tìẹ náà bá dé, mo ti mọ ibi tí màá gbé àpótí tìẹ sí."

Àwọn èèyàn máa ń bèèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní kó o gbàdúrà, kó o fi ọgbọ́n ṣe é, kó o rí òmíràn ná. Fọláṣadé mọ̀ ọ́n níbẹ̀ yẹn, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé iná ti jó òun lọ́wọ́. Kò gbàdúrà kankan. Inú bí i débi pé ara ẹ̀ balẹ̀.

Ó la irun Ọ̀gá láti iwájú dé ìpàkọ́, ó là á dáadáa, ìlà ẹ̀ tọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé òòyà sórí àpótí tó ṣófo.

"Precious," ló pè é, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń pín orí. "Mú èyí. Ọ̀tún, òsì, gbogbo ẹ̀. Òun lorí tó kù. Tó o bá ti parí ẹ̀, máa lọ sílé, Màmá ń retí ẹ."

Mímí kúkúrú náà dáwọ́ dúró. Òòyà gbéra lórí àpótí.

Fọláṣadé mú báàgì ẹ̀.

"Fọláṣadé, níbo lò ń lọ?"

"Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, Ọ̀gá."

"Ta? Ìwọ? Ọwọ́ ẹ ò ní mú ò…"

Èpè náà ò parí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìró ọrùn tí ẹnì kan fà sẹ́yìn lójijì, àti ìró irun tó ń gba àárín ìka kọjá, fùrú, fùrú, fùrú. Fọláṣadé lè yíjú padà. Ó lè sọ pé ó tó. Ilẹ̀kùn ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ohùn ẹ̀ sì já gaara. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú oòrùn Arákàlẹ̀, ó sì rọra pa á dé lẹ́yìn ara ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá Precious pè é lórí fóònù. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó wálé o, Fọláṣadé. Mo lá a. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan mi, ìka ẹ̀ nà gbọọrọ. Ó sì sùn."

Fọláṣadé ti padà sí Ìlú-Abo nígbà náà, sílé bàbá ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò rọ. Ó ń fi wọ́n bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi lọ́jọ́ tí Peculiar, ọmọ Ọ̀gá Oyèbọ́lá tó ń lọ sí yunifásítì, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọmọ náà ti rù. Ó kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́.

"Àǹtí Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi ò sùn mọ́. Irun yẹn fún débi pé ìpéǹpéjú wọn ò pa dé. A mú sísọ́ọ̀sì, a mú abẹ, kò gé e. Dókítà wò wọ́n, pásítọ̀ wò wọ́n. Ńṣe ló ń fún sí i lójoojúmọ́."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Fọláṣadé. Ó mọ̀ pé Precious ti délé.

"Ta ló wá ń fún un?"

Peculiar sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀, bíi pé ìyá ẹ̀ lè gbọ́ ọ láti Àkúrẹ́. "Àwọn fúnra wọn ni. Ọwọ́ wọn á kàn gòkè lọ. Wọ́n á tú ìlà kan, wọ́n á tún un dì, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá dé ìpàkọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dì í. A so ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ìka wọn ṣì ń lọ." Ó di ìdí ìró Fọláṣadé mú. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pín orí yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ pé ó ti parí. Gbólóhùn kan ni, Àǹtí. Ẹ kàn wá sọ ọ́."

Ọmọ náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Fọláṣadé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó ṣan ọwọ́, ó wọlé. Peculiar náà sáré dìde, ó gbọn èèpo kúrò ní orúnkún, ó rò pé aṣọ ló lọ wọ̀. Ife omi ló gbé jáde. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Bá mi kí màmá ẹ," ló sọ. "Sọ fún wọn pé mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́."

Ó jókòó, ó sì mú ẹ̀gẹ́ míì.