Èso Ispand Tí A Kò Sun

Apá kan orí oníbàárà ti ń dán bí àwo, apá kejì ṣì jẹ́ igbó kìjikìji, nígbà tí obìnrin kan já wọ ṣọ́ọ̀bù Daler onígbàjámọ̀ ní ìlú Khujand. Ó pọnmọ, ó ń ti ẹ̀rọ tí aláìsàn fi ń mí lórí ọmọlanke, eré tó sì sá wá, ẹṣin á júbà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti mú iná lọ! Wọ́n ní ẹ ní bátìrì ńlá. Ọmọ mi ò lè mí!"

Daler fa wáyà kílípà yọ lára bátìrì, ó ki ti ẹ̀rọ náà bọ ibẹ̀.

Oníbàárà figbe ta. "Orí mi ńkọ́?"

"Ẹ dé fìlà, ẹ̀gbọ́n."

Mehrangez lorúkọ obìnrin náà, opó ni. Oṣù Sitora ọmọ rẹ̀ kò pé tó fi wáyé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ìyà náà. Òtútù díẹ̀, ilé ìwòsàn. Èéfín ló wá burú jù.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ Daler kò mọ ọ̀nà ibòmíràn mọ́ ju ilé wọn lọ. Ó ń fọ rọ́bà tí ọmọ fi ń mí, ó ń tún wáyà ṣe.

"Ṣé o ti ti ṣọ́ọ̀bù pa ni?" Mehrangez bi í.

"Ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí. Ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀, olólùfẹ́ mi."

"Ọkàn wo? Èyí tó ń run ọṣẹ ìfárùngbọ̀n yìí?"

Sitora bá wọn rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ikọ́. Mehrangez gbé e dìde, ó dì í mú títí èémí rẹ̀ fi padà.

Nígbà tó yá, ìyá Daler, Bibi Oyjamol, wá wo ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́. Bí wọ́n ti ń ṣe nílùú náà, ó da èso ewéko ispand sórí ẹ̀yinná nínú páànù, kí èéfín rẹ̀ lé ojú burúkú lọ. Èéfín náà ṣú débi pé adìyẹ ládùúgbò á rò pé alẹ́ ti lẹ́. Sitora bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mehrangez já páànù gbà, ó dà á sí gọ́tà.

"O da ìre mi sí gọ́tà?" Ìyá Daler na ìka sí i. "Ẹni tó bá kọ ìre mi, kò lè fẹ́ ọmọ mi!"

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí." Ó yíjú sí Daler. "Tẹ̀ lé ìyá rẹ. Mi ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀."

Daler kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀yìn Sitora. Egungun ìhà ọmọ náà ń fò sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ̀rọ̀. "Ẹ dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ti ispand, ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn kò jẹ́ kí Mehrangez gbádùn. Ṣé ilé tí òun ń fẹ́ wọ̀ yìí, ọmọ òun á rí èémí mí níbẹ̀?

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Daler gbé Sitora, ọmọlanke ẹ̀rọ tẹ̀ lé wọn. Mehrangez dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń fimú gbóòórùn afẹ́fẹ́ bí ọdẹ. Òórùn búrẹ́dì nìkan ló gbọ́.

"Ispand dà?" àwọn ẹbí pariwo. "Iná dà?"

Bibi Oyjamol jáde. Èso ispand tútù ni ó sín sókùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó gùn tó ohun tí wọ́n lè fi so gbogbo Khujand mọ́lẹ̀. Ó fi kọ́ òkè ilẹ̀kùn, ó gé díẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ọmọ.

"Ìyá, abẹ́rẹ́ ti gún gbogbo ìka yín!" Mehrangez ní.

"Ẹni tó bá dá iná èéfín nílé yìí, èmi ni kó kọ́kọ́ sun!" ni Bibi Oyjamol kígbe sí àwọn ẹbí.

Ó tún gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Sitora. Gbogbo ẹbí dúró. Ọmọ náà mí wọlé, ó mí jáde.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Wọlé, ìyàwó mi."