Ẹyẹ Inú Yàrá Ìyá Káfíńtà

Ọmọ kejì tí Káfíńtà bí kú láìtíì hu eyín, bíi ti àkọ́kọ́. Fúnra rẹ̀ ló kan pósí méjèèjì, pákó tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn oníbàárà ló sì fi kàn wọ́n. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti kí ìyá rẹ̀ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé ojúlé kan. Ta tún ni ì bá pa wọ́n? Òun ló ń gbé wọn pọ̀n.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ẹ̀kẹta, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú yàrá ìyá rẹ̀, a sì dákẹ́. Kò sí ihò lára àjà. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló kàn án. Bó bá ti ké, ìyàwó rẹ̀ a gbé ọmọ tọ ìyá lọ, wọn a ti ilẹ̀kùn.

"Àjẹ́ ti ké," aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ wí. "Ó ku kí ọmọ kú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún ọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bi ìyàwó rẹ̀, "Kí lẹ máa ń ṣe níbẹ̀?"

"A ń wẹ ọmọ ni."

"Ọmọ tí ẹ wẹ̀ lọ́sàn-án?"

Ẹyẹ ké. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ, ó wọ yàrá ìyá lọ. Káfíńtà mú òòlù, ó já ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ ń kán nǹkan sí ọmọ lẹ́nu. Nǹkan funfun wà lórí ahọ́n ìyàwó rẹ̀.

"Ẹyẹ yín dà?"

Ìyá na fóònù kékeré kan sí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ. "Bá mi pa á, olórí kunkun. Ojú mi ò rí bọ́tìnì rẹ̀. Aago oògùn ni. Nọ́ọ̀sì ló ṣe é síbẹ̀."

"Oògùn kí ni?"

Ìyàwó rẹ̀ gbé tirẹ̀ mì kó tó dáhùn. "Kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Látinú oyún tàbí látinú ọmú ló fi ń ran ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní ó jọ pé kòkòrò náà ló pa àwọn méjì yẹn. Bí èmi àti ọmọ bá ń lo oògùn, èyí lè yè. Mo fẹ́ sọ fún yín nígbà oyún. Ẹ ṣe bí ìyá yín ló fún mi ní oògùn náà, ẹ ti dà á sí ṣáláńgá kí n tó lanu."

"Nọ́ọ̀sì ń béèrè bàbá ọmọ," ìyá rẹ̀ wí. "Ó ní bàbá náà lẹ́jẹ̀ lára tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò."

Káfíńtà gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, Ìyá mi," ó wí. Ó pé ọdún méjì tó ti sọ ọ́ kẹ́yìn.

Ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó lọ gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ti ọmọ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹyẹ méjì ló ké nínú ilé náà: ọ̀kan nínú yàrá ìyá, ọ̀kan nínú fóònù Káfíńtà.