Ibojì Kejì Níwájú Ilé Pelenise

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Pelenise wọ aṣọ funfun, ó jáde láti kí Sefo ọkọ rẹ̀ kó tó lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iwájú ilé ni wọ́n sin Sefo sí, bí gbogbo ará erékùṣù Savai'i ṣe ń sin òkú wọn. Ibojì kan ló fi sílẹ̀ lálẹ́ àná. Méjì ló bá.

Ajá mẹ́rin tó máa ń gbó òjìji ara wọn kò gbin. Òkun gan-an, tí ariwo rẹ̀ lè jí òkú, dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Ìgbà tó súnmọ́ ọn ló rí i pé ẹní àtàtà ni, ó bo ẹnì kan tó kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé Tuiloma ni, ọ̀tá wọn tí wọ́n ti jọ ń jà lórí ààlà oko kókò, tó wá fi ọkọ̀ gbá Sefo pa lóṣù tó kọjá. Ó wá tọrọ àforíjì bí àṣà wọn: ẹni tó ṣẹ̀ á fi ẹní borí, á kúnlẹ̀ níwájú ilé àwọn tó ṣẹ̀ títí wọ́n á fi ká a. Bí Pelenise bá ká ẹní náà, ìjà parí. Bí kò bá ká a, àdá Lafi, àbúrò Sefo, wà nílẹ̀.

Lafi ní kó má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí oòrùn bá wa dá ẹjọ́ ẹ̀."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹní kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọrin ìfẹ́ títí páànù òrùlé fi fẹ́ fò dé Niu Silandi. Nígbà tí wọ́n dé lọ́sàn-án, oòrùn náà lè se odindi ẹlẹ́dẹ̀ jinná láìdáná. Ẹní kò mira. Wọ́n jókòó jẹun.

Ẹní bá sọ̀rọ̀.

"Sefo," ohùn gbígbẹ kan wí, "sún díẹ̀ fún mi. Ibí yìí há."

Lafi, tó máa ń fọ́nnu pé òun lè gbá ẹja àkurákudà létí, ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí Sefo ló wọ inú ẹní, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò bá òkú lọ. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sulieti, nọ́ọ̀sì abúlé, bá wọn nígbà tó wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru Pelenise. Ó béèrè ìgbà tí ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kò sì mu nǹkan kan.

"Òkú kọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ìyá," ni Sulieti wí. "Ooru ló dà á lórí rú. Bó bá fi pẹ́ sí i níbẹ̀, ẹ̀yin náà á ti pa tiyín."

"Èmi ò fọwọ́ kàn án," ni Pelenise wí.

"Ohun tó ń pa á gan-an nìyẹn."

"Ó pa ọkọ mi, Sulieti. Ṣé kí n wá máa gbé e jó ni?"

"Jésù ò ní kẹ́ ẹ gbé e jó. Ẹ gbé e kúrò lóòrùn."

"Sefo," ni ẹní tún wí, "sún."

Pelenise dìde. Ìṣísẹ̀ méje péré ni dé ìdí ẹní, ó gùn ju ọ̀nà tó yí erékùṣù ká lọ. Ẹ̀rù ń ba Pelenise pé ojú Sefo lòun máa bá lábẹ́ ẹ̀. Ó ká ẹní. Tuiloma ni, ara rẹ̀ gbóná bí òkúta ìdáná, kò làágùn kankan. Ibojì ló ń wò, kò wo Pelenise.

Wọ́n wọ́ ọ sí ìbòòji, wọ́n tú aṣọ ẹ̀, wọ́n da omi tútù sí i lára, wọ́n ń fẹ́ ẹ.

"Ọkọ mi Lafi," ni Pelenise wí, "ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wakọ̀ dé ọsibítù."

Lafi gbé àdá náà sílẹ̀. Ó lọ gbé ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tuiloma lajú ní ọsibítù, ó béèrè ẹni tó ká ẹní lórí òun.

"Èmi ni," ni Pelenise wí. "Inú ṣì ń bí mi. Mu omi ẹ."

Ẹ̀yin ará ilé, bí oòrùn bá mú ẹnì kan tó ń sọ kántankàntan, kì í ṣe iwin. Ẹ gbé e sí ìbòòji, ẹ fi omi tútù tù ú lára, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá. Ẹ má da omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀tá yín ni, ẹ má sọ pé ẹ ó dúró kí ìbínú kọ́kọ́ tán. Ìbínú lè lo ogún ọdún, oòrùn kì í lò ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ ká ẹní ná, kẹ́ ẹ tó máa bínú lọ.